Àpáta Láfún àti Iná Oòrùn Káńsù Wa

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní káńsù ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó iná sólà ojú títì àti àwọn ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn fa omi. Ṣé kí òun gbà á ni, àbí kí òun máa lọ sí Èkó? Mo ní kó jókòó kí n sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ń wo fóònù. Mo ní kó máa lọ sílé, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, àwọn ẹlòmíì sì wà tó yẹ kó kà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró dè lẹ́nu ọkùnrin kan, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹdẹ ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, níbẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Káńsù tó gbà mí síṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn kankan nínú. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ iná, wọ́n ń wá ènìyàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí iná àti omi, tí gbogbo wa ń pè ní Wọ́ọ̀kìsì, mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń dé, ó sì ń tán.

Baba Bùràímọ̀ ni ìtàn wà lára wọn.

Àwọn ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ káńsù. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, fìlà wọn kì í kúrò lórí, girísì sì ti wọ ìka ọwọ́ wọn débi pé bí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán, a ṣì ń rí i níbẹ̀. Obìnrin kankan kò tíì wọ ẹ̀ka náà rí. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n wo yẹ̀rì mi, wọ́n wo bàtà mi.

"Sísì, ṣé báǹkì lò ń wá ni?"

"Rárá, sà. Ibí ni wọ́n ní kí n wá."

"Wá ṣe kí ni?"

"Mo kọ́ṣẹ́ iná, sà."

"Ìwé lo kà. O ò tíì kọ́ṣẹ́. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ nìyẹn, èmi tí mo gba ipò kìíní nínú kíláàsì mi. Ilé ẹ̀rọ tó wà nídìí omi ni mo ń gbá. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, irin ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó dìde, bó bá sì ti dìde, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn dísẹ́ẹ̀lì nílé epo, ọkàn mi máa ń fà síbẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn bí ọmọdé ṣe máa ń fẹ́ fọwọ́ kan oúnjẹ orí iná. Baba kò gbà.

"Kó o tó fọwọ́ kàn án, lọ kí àwọn tó ń sùn létí ẹ̀."

"Kí n sọ kí ni fún wọn, sà?"

"Kí wọn ni mo ní. Ṣé ìkíni náà ń gba ìwé ẹ̀rí ni?"

Mo lọ. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bàbá àgbẹ̀ kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀rọ sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì náà máa ń wúkọ́ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Obìnrin aládùúgbò kan ní bí epo bá ti fẹ́ tán, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, òun á sì yára pọn omi òun. Mo padà dé, mo ro gbogbo rẹ̀. Baba Bùràímọ̀ mi orí.

"O rí i? Àwọn ló ń jí bá a. Ìwọ, ilé ìyá ẹ lò ń lọ bó bá dìrọ̀lẹ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí káńsù fẹ́ gbé kalẹ̀, ìbáà jẹ́ òpó iná, kànga tàbí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn, tí Baba kò ní béèrè ìbéèrè kan náà: "Ta ló máa jí bá a?" Bí wọn kò bá rí ẹni tí wọn yóò dárúkọ, wọn kì í gbé e kúrò nílé ìkẹ́rù. Àwọn alága máa ń bínú. Baba á ní kí wọ́n gbé e fúnra wọn nígbà náà.

Wọ́n le o. Bí mo bá de nǹkan tí kò fún dáadáa, wọn kì í bá mi wí. Wọn á kàn tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, wọn á da àwọn nọ́ọ̀tì sínú yanrìn, wọn á jókòó, wọn á máa jẹ obì. Èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá máa ṣà wọ́n. Mo sunkún níjọ́ kan. Baba ju agolo kẹrosíìnì sí mi: "Èyí ni kó o fi fọ̀ ọ́. Omijé máa ń mú irin dípẹtà."

Ìyá mi ni kò fẹ́ gbọ́. Ọmọ ìjọ Baptist tòótọ́ ni, ó sì ti gbọ́ pé mo ń wọ ṣòkòtò gun òpó. Ó ní ojú ti òun débi pé òun ò lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Baba Bùràímọ̀ fúnra wọn ló wá bẹ̀ ẹ́ nílé wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà bí tiwọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá wọ yẹ̀rì gun òpó, gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló máa wá kọ́ṣẹ́ iná. Mi ò ní ìgbálẹ̀ tó máa tó wọn."

Ẹ̀rín pa ìyá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣòkòtò tó tẹ̀ lé e fún mi, ó sì fi àpò ńlá méjì sí i lára fún sípánà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àkókò yẹn. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ tí a fi iná sí àdúgbò ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo wà lókè òpó, mo rí àwọn òrùlé ìlú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo rí èéfín oúnjẹ alẹ́ tó ń gòkè, Baba sì ń kígbe láti ìsàlẹ̀ pé kí n yé wòran. Nígbà tí gílóòbù tàn, àwọn ọmọdé hó yèè, arúgbó kan sì kí iná náà pé, "Ẹ káalẹ́." N kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ san lẹ́san.

Ohun èlò ń yí padà lọ́wọ́ wa. Gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì ni Baba fi kọ́ mi láti mọ ibi tí iná wà: bó bá tàn, iná wà, bí kò tàn, máa wá a lọ. Lẹ́yìn náà ni míta alábẹ́rẹ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń kọ nọ́ńbà jáde. Lónìí, àwọn ọmọ ń fi fóònù wò ó. Ẹ́ńjìnnì onírin ọwọ́ di jẹnẹrétọ̀ oníkọ́kọ́rọ́, dísẹ́ẹ̀lì di ohun tí káńsù kò lè máa rà mọ́, ni gbogbo ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oòrùn. Baba Bùràímọ̀ rí sólà àkọ́kọ́ kí wọ́n tó kú. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Kò wúkọ́. Báwo làwọn ará àdúgbò ṣe máa mọ̀ bó bá ń ṣàìsàn?" Gílóòbù oníwáyà méjì yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ó wà nínú àpótí mi.

Lẹ́yìn wọn, ó yẹ kí n jẹ́ olórí. Gbogbo Wọ́ọ̀kìsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Ẹnjiníà Gbóyèga wá láti ìta. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó mọ̀wé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò oòrùn. Ọ̀rọ̀ "àyíká" àti "ọjọ́ iwájú" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí àwọn àlejò bá wá láti Òṣogbo. Ìkíni ni kò mọ̀.

Abúlé kan wà lọ́nà Ṣẹ̀kọnà tí wọn kò ní omi. Gbóyèga ní káńsù yóò gbẹ́ kànga síbẹ̀, oòrùn ni yóò sì máa fà á. Ète dáadáa ni. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n mo wà ní Ìbàdàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásìkò náà. Ó lọ wo ilẹ̀, ó rí àpáta gbàǹgbà kan létí abúlé, pẹrẹsẹ, kò sí igi kan tó ṣíji bò ó. Ó ní ibẹ̀ ṣófo. Ó to àwọn pátákó sólà sórí rẹ̀, wọn kò ga ju orúnkún lọ. Alága wá ṣí i, omi tú jáde, gbogbo ènìyàn jó.

Kò pẹ́ ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Láàárọ̀ kùtù á ya dáadáa. Bó bá fi máa di ọ̀sán gangan, tí oòrùn mú jù lọ, ó kàn ń kán ni. Gbóyèga ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Mo ti dé nígbà náà. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí àpáta náà tó funfun báláú. Láfún ni. Àwọn obìnrin abúlé ti sá láfún sórí gbogbo pátákó sólà, wọ́n tẹ́ ẹ pẹ̀lú ètò, etí kan etí. Ìyá Ráfíù, olórí wọn, jókòó síbòji, ó fi igi gígùn lé ẹyẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Oníná. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsù o jàre. Àwọn tábìlì yìí dáa gan-an."

"Tábìlì wo?"

"Èyí náà ńkọ́! Àwa la ni àpáta yìí, ibí nìyá mi ti ń sá láfún. Ọ̀gá yín gbà á lọ́wọ́ wa, kò bi ẹnì kankan. Inú wa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìgbà tá a rí i pé ó to tábìlì onígíláàsì síbẹ̀ la ní, áà, ó ní ìtìjú, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun fi nǹkan dí i. Ewúrẹ́ ò sì lè débẹ̀!"

Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wọ́n bò mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ibo la wá fẹ́ máa sá a sí? Orí yín?" Ìbéèrè gidi ni. Mo wò yíká. Kò sí koríko kan nítòsí àpáta náà, àwọn obìnrin ti ro gbogbo rẹ̀ kí èérí má baà bọ́ sínú láfún. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, wọ́n ń fi aṣọ tútù nu gbogbo gíláàsì yẹn mọ́ tónítóní. Káńsù ní àwọn alájùmọ̀ṣe tí kò gba owó, kò sì mọ̀.

Mo padà, mo ya àwòrán kan. Ẹ gbé àwọn pátákó gorí òpó irin, ẹ kan pèpéle sìmẹ́ǹtì fún àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn á máa sá láfún wọn, wọn á máa nu sólà, wọn á máa ro ilẹ̀, wọn á sì máa ṣọ́ ọ. Mo gbé e lé Gbóyèga lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wò ó dáadáa.

"Màdáàmù, ṣé káńsù ni yóò máa kan pèpéle láfún báyìí?"

"Ẹnjiníà, àwọn ló ń jí bá a."

"Ohun ìní ìjọba ni. Òfin ni wọ́n nílò."

Ó kó ọlọ́pàá lọ. Wọ́n da láfún gbogbo ilé sínú igbó lójú àwọn tó ni ín. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí àpáta ká, wọ́n fi àgádágodo tì í. Ìyá Ráfíù kò sunkún. Ó kàn sọ fún Gbóyèga pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa wá nu ún fúnra yín."

Ọyẹ́ dé. Eruku bo gíláàsì, kò sẹ́ni tó nu ún. Koríko hù gba inú wáyà kọjá, ó ga, ó gbẹ, kò sẹ́ni tó ro ó. Mo sọ fún Gbóyèga títí ọ̀rọ̀ fi sú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná oko tó ti ọ̀nà Alájué bọ̀ wọ inú ọgbà náà. Àwọn ará abúlé gbé omi sáré wá, wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní káńsù. Wọ́n dúró síta, wọ́n ń wò ó. Ilé kékeré tí wọ́n kó bátìrì sólà sí bú gbàmù. Nígbà tí mo débẹ̀, ṣe ni gíláàsì ń ta pàrà, pàrà, tí ó ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ráfíù dúró pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́.

Káńsù gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tí ìtọ́jú ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni. Mo ní mo kìlọ̀, mo sì ya àwòrán ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n bi Gbóyèga. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Màdáàmù kò sọ ohunkóhun fún mi. N kò rí àwòrán kankan." Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹ̀ka. Kò tilẹ̀ wò mí.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Ìyá tó jẹ́ kí sólà jóná nìyẹn." Àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ìyá mi gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú kí orúkọ mi tó mọ́. Gbóyèga di dáyírẹ́tọ̀.

Nígbà tí alága mìíràn dé, ó fẹ́ tún omi abúlé náà ṣe. Àwọn obìnrin kò gbà. Ẹlẹ́rọ tó bá dé, wọ́n á ní, "Ẹ gbé oòrùn yín lọ sílé yín." Alága bá ranṣẹ́ sí mi. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n pèpéle ni yóò ṣíwájú sólà. Mo lọ bá Ìyá Ráfíù bó ẹ̀gẹ́ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A bó o dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ibì kan: "Ibẹ̀ yẹn loòrùn ti ń pẹ́ jù." Ibẹ̀ la kan pèpéle sí, kí òpó irin kan tó dúró.

Ó ń ṣiṣẹ́ di òní. Wọ́n so àkísà mọ́ igi gígùn, wọ́n fi ń nu sólà láràárọ̀, láfún wọn sì funfun nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìṣíṣọ, Gbóyèga ló gé rìbọ́ọ̀nù, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri. Ìyá Ráfíù béèrè sókè, kí gbogbo ayé gbọ́, pé, "Orúkọ ara ògiri yìí ńkọ́? Ṣé òun ló máa bá wa lé ewúrẹ́ kúrò?"

Nítorí náà, ọmọ mi, gba iṣẹ́ náà. Èkó kò nílò rẹ bíi tiwa. Dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n kọjá àlà, igi ń tán nígbó, oòrùn sì ń ràn lásán lórí Ẹdẹ. Káńsù ló sún mọ́ ènìyàn jù nínú gbogbo ìjọba; bí kò bá lè dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kó kí wọn, kí ló wá ń ṣe? Àwọn tó mọ ìṣirò á pọ̀ níbẹ̀. Ìwọ máa béèrè ẹni tó máa jí bá a.

Ibí ni ǹ bá fi í sí. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, Gbóyèga pè mí lórí fóònù. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ó ní sólà òun kì í gbé iná dé alẹ́, àwọn tó tò ó ti pààrọ̀ bátìrì títí, kò yí padà. Ó ní ó yẹ kí òun pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo lọ. Màá purọ́ bí mo bá ní àánú ló gbé mi lọ.

Orí òrùlé pẹrẹsẹ ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ni sólà náà wà. Mo fara balẹ̀ gòkè, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ilá ni mo kọ́kọ́ rí, ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà tàtàṣé, lẹ́yìn náà gbọ̀dọ̀ èlùbọ́, lórí gbogbo gíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ẹ má tíì sọ fún wọn," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ ò rí i bó ṣe máa ń yá gbẹ ni? Wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo ń sá a sí, mo ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kí wọ́n tó gbé e síbí ńkọ́?"

"Ibí náà ni mo ń sá a sí. Ibí nìkan loòrùn ń dé."

"Ṣé wọ́n bi yín kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tọ́lá? Bi èmi?"

A kó ilá náà sínú atẹ, a sì sọ̀ kalẹ̀. Gbóyèga wà lórí àga, ó gbójú sókè sí mi.

"Màdáàmù, kí lẹ rí?"

"Ẹ pe ọlọ́pàá."

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Wọ́n jí i ni?"

"Ẹ ní kí wọ́n wá da ilá Ìyá Tọ́lá sínú igbó. Kí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí òrùlé ká, kí wọ́n sì tì í."

Ó wò mí. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó gbé atẹ ilá lọ́wọ́. Mo rí i tí ó yé e. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ ń sọ gan-an?" Ǹ bá ti lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo dúró, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó máa gbọ́.

Gbóyèga fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Mo rí àwòrán yẹn, Màdáàmù. Ẹ fún mi, mo sì rí i."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá mi kò gbọ́ ọ. Nítorí náà n kò dárí jì í, n kò sì díbọ́n pé mo dárí jì í. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo gba atẹ ilá lọ́wọ́ obìnrin náà, mo gbé e sílẹ̀, mo sì fa obìnrin náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin lẹ ń jí bá a. Níbo loòrùn ti ń pẹ́ jù nínú ọgbà yìí? Ẹ fọwọ́ hàn mí ká kan pèpéle yín síbẹ̀."